Títà Wàràwàrà Ni Ó Ń Jẹ Èrè Àgbẹ̀ Sakin

Sakin jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn arọ́ndísímà 8 tí ó wà nínú kọmúùnù Ṣábẹ̀ẹ́ (Savè), ní ẹkùn Collines, láàárín orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Odò Wẹ̀mẹ̀ (Ouémé) ń ṣàn ní ìwọ̀-oòrùn kọmúùnù náà. Odò Okpara ń ṣàn ní ìlà-oòrùn rẹ̀, níhà ẹnubodè Nàìjíríà. Láàárín odò méjèèjì ni àwọn òkè olókùúta dúró sí. Orí òkè wọ̀nyí ni àwọn baba ńlá sá sí nígbà ogun Dànhọmẹ̀, òkè kò sì já wọn kulẹ̀.

Títí di òní, òkè àti odò kò tíì dẹ́kun oore wọn. Ilẹ̀ tí ó wà láàárín wọn ń mú iṣu jáde, ó ń mú àgbàdo, ẹ̀gẹ́, ẹ̀pà, sóyà àti òwú jáde. Igi kajú ń so níbẹ̀ dáadáa. Nígbà tí odò bá fà ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn obìnrin ń gbin ilá, tòmátì àti ẹ̀fọ́ sí àkùrọ̀. Àwọn apẹja ń da àwọ̀n. Kò sí ẹni tí ó lè sọ pé àwọn ènìyàn agbègbè yìí ya ọ̀lẹ. Kí ló wá dé tí ẹni tí ó roko láti òwúrọ̀ di alẹ́ kò fi ní owó ilé-ìwé ọmọ lọ́wọ́ nígbà tí ọdún ìkẹ́kọ̀ọ́ bá bẹ̀rẹ̀?

Ìdáhùn rẹ̀ kò sí nínú oko. Ojú ọ̀nà àti ọjà ni ó wà.

Yorùbá ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ abúlé tí ó wà lẹ́bàá òkè àti odò, ọ̀nà kan ṣoṣo ni ó wọ̀ ọ́, ọ̀nà amọ̀ sì ni. Bí òjò bá ti ń rọ̀ láti oṣù kẹrin, ọ̀nà náà a máa bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí ó bá fi di oṣù kẹsàn-án, tí odò Wẹ̀mẹ̀ kún dé ẹnu, àwọn odò kéékèèké tí ń ṣàn sínú rẹ̀ náà a kún. Ọkọ̀ ẹrù kò ní lè kọjá mọ́. Alùpùpù nìkan ni yóò kù, àpò kan tàbí méjì ni ó sì lè gbé lẹ́ẹ̀kan. Ọjà Glazoué, tí wọ́n ń ná ní ọjọ́rú, kò jìnnà sí Ṣábẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n fún ẹni tí ọ̀nà ti já mọ́ lọ́wọ́, ó jìnnà bí Kútọnu.

Ẹni tí kò lè gbé ẹrù rẹ̀ lọ sí ọjà gbọ́dọ̀ dúró de ẹni tí yóò wá rà á. Ẹni tí ó bá sì dúró de alájàpá ti fi iye owó lé alájàpá lọ́wọ́. Àgbẹ̀ kò mọ iye tí wọ́n ń tà á ní Glazoué. Alájàpá mọ̀ ọ́n. Àgbẹ̀ kò ní ibi ìpamọ́ tí kòkòrò kò ní wọ̀. Alájàpá ní in. Nítorí náà, bí ìkórè bá ti dé, gbogbo ènìyàn a máa tà lẹ́ẹ̀kan náà, ọjà a sì wálẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, àgbẹ̀ kan náà yóò lọ ra àgbàdo tí ó tà ní ọ̀pọ̀, ní owó gọbọi.

Ti kajú tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní nǹkan bí oṣù kọkànlá ni igi náà bẹ̀rẹ̀ sí í tanná. Oṣù kejì sí ìkarùn-ún ni ìkórè rẹ̀. Láàárín àkókò yẹn, àìsàn lè wọlé, òkú lè ṣẹlẹ̀, a sì lè dá ọmọ padà láti ilé-ìwé. Nígbà náà ni ẹlòmíràn máa ń lọ yá owó, tí yóò sì fi òdòdó tí ó wà lórí igi dúró. Bí àpẹẹrẹ, kí a ní ẹnìkan yá 40 000 fránki ní oṣù kọkànlá, tí ó ṣe ìlérí àpò kajú 4. Àpò kan jẹ́ kìló 80. Àpò mẹ́rin jẹ́ kìló 320. Bí kìló kan bá di 300 fránki ní oṣù kẹta, ohun tí ó kó fún olówó jẹ́ 96 000 fránki. Èlé orí owó náà jẹ́ 56 000 fránki, láàárín oṣù mẹ́rin péré. Láyé àtijọ́, wọ́n ń fi ènìyàn ṣe ìwọ̀fà. Igi ni wọ́n fi ń ṣe ìwọ̀fà báyìí, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ni igi ni ó ń ṣiṣẹ́ sin olówó.

Àwọn kan yóò sọ pé olè ni gbogbo alájàpá. Ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀ pátápátá. Alájàpá ń san owó epo, ọkọ̀ rẹ̀ ń bàjẹ́ nínú kòtò, ẹrù lè bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Bí kò bá wá rárá, ìyà àgbẹ̀ yóò pọ̀ sí i. Kì í ṣe ìjà pẹ̀lú alájàpá ni yóò tún ọ̀rọ̀ yìí ṣe. Ohun tí yóò tún un ṣe ni kí àgbẹ̀ lè dúró níwájú rẹ̀ láìsí ìkánjú àti láìsí àìmọ̀.

Ohun àkọ́kọ́ ni ìwé àti ìwọ̀n. Ẹni tí ó ti kọ́ ìwé kíkà àti kíkọ ní èdè Yorùbá ti ní ohun ìjà tí bàbá rẹ̀ kò ní. Kí ó ra ìwé kékeré kan. Kí ó kọ ọjọ́ tí ó tà, iye kìló, iye owó kìló kan, àti orúkọ ẹni tí ó rà á. Kí ó wọn àpò rẹ̀ kí oníbàárà tó dé. Bí ìwọ̀n oníbàárà bá fi kìló 5 péré jẹ́ irọ́ lórí àpò kan, kìló 50 ni yóò sọnù lórí àpò 10. Ní 300 fránki, 15 000 fránki ni ó lọ yẹn. Ìjọba a máa kéde iye tí kajú kò gbọdọ̀ relẹ̀ sí ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ìtà. Ẹni tí ó bá lè kà á kì í gba iye tí ó kéré sí i.

Ohun kejì ni àjọṣe. Àáró àti èésú kì í ṣe àjèjì ní ilẹ̀ Ṣábẹ̀ẹ́. Òfin OHADA lórí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, tí wọ́n fọwọ́ sí ní Lomé ní oṣù kejìlá ọdún 2010, gbà kí ènìyàn 5 péré dá ẹgbẹ́ kékeré sílẹ̀ lábẹ́ òfin. Bí ènìyàn 20 bá kó ẹrù wọn jọ, ọkọ̀ ńlá lè wá gbé e lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí òjò tó dé. Wọ́n lè ra ìwọ̀n kan. Wọ́n lè ní àpótí owó tí ẹni tí àìsàn bá dé bá yóò ti yá owó láìfi òdòdó igi dúró. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tí kò ní ìwé ìṣirò tí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ lè kà, ìjà ni yóò fi parí.

Ohun kẹta ni ìtọ́jú ẹrù. Kajú tí ó já bọ́ fúnra rẹ̀ ni kí wọ́n ṣà, kí wọ́n má ṣe gbọn ọ́n láti orí igi. Kí wọ́n sá a sóòrùn fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta. Àpò ọ̀gbọ̀ ni kí wọ́n kó o sí, kì í ṣe àpò ọ̀rá tí ń mú un hu. Kí ọyẹ́ tó dé, kí wọ́n ro etí oko yípo, nítorí iná ìgbẹ́ lè jó iṣẹ́ ọdún mẹ́wàá ní ọ̀sán kan.

Àkókò yìí ṣe pàtàkì. Láti oṣù kẹrin ọdún 2024 ni ìjọba Bẹ̀nẹ̀ ti dáwọ́ títa kajú tútù sí ilẹ̀ òkèèrè dúró, kí àwọn ilé-iṣẹ́ bí irú èyí tí ó wà ní Glo-Djigbé lè máa ṣe é nílé. Èrè wà nínú ètò yìí fún orílẹ̀-èdè. Ṣùgbọ́n bí oníbàárà bá dín kù, tí àgbẹ̀ kò sì ní ọ̀nà àti ẹgbẹ́, orí rẹ̀ ni gbogbo ẹrù yóò wó lé.

Nítorí náà, ọ̀ràn yìí kò mọ sọ́dọ̀ àgbẹ̀ nìkan. Láti ìgbà tí àwọn kọmúùnù ti ń yan olórí ara wọn ní ọdún 2003, ojúṣe kọmúùnù ni láti tún ọ̀nà abúlé ṣe. Wọ́n ń gba owó orí lórí ọjà. Ó tọ́ kí owó náà padà di afárá kéékèèké, kí ó di ilé ìpamọ́ tí ó dára, kí wọ́n sì tún ọ̀nà ṣe kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe lẹ́yìn tí ó bá ti já. Àwọn ará ìlú pẹ̀lú ní ẹ̀tọ́ láti béèrè bí wọ́n ṣe ná owó náà.

Òkè kò ní kúrò níbi tí ó wà. Odò yóò tún kún ní oṣù kẹsàn-án. Àwọn ọ̀dọ́ tí ń sọdá lọ sí Nàìjíríà kò sá fún òkè tàbí odò, iṣẹ́ aláìlérè ni wọ́n ń sá fún. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí wọ́n jókòó nílé, kí ó jẹ́ kí iṣẹ́ ọwọ́ wọn ní iye. Kí wọ́n tó pàdé oníbàárà lọ́dún tí ń bọ̀, kí ìwé wà lọ́wọ́ wọn, kí ìwọ̀n wà nílẹ̀, kí ẹgbẹ́ sì wà lẹ́yìn wọn.