Ìwé Orúkọ Ni Kí Wọ́n Kọ́kọ́ Ṣí
Awuyewuye lórí ìbò ẹgbẹ́ òǹkọ̀wé Nàìjíríà, ANA, ní Enugu lọ́dún 2019 ṣì yẹ fún àgbéyẹ̀wò. Lójú tèmi, orí ìwé orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ nirú ìjà bẹ́ẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ta ló san owó ẹgbẹ́? Ẹ̀ka wo ló lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò? Bí èyí kò bá hàn gbangba ṣáájú, ẹni tó fìdí rẹmi kò ní gbà. Àwọn kan ní kí ilé ẹjọ́ dá sí i. Òótọ́ ni, adájọ́ lè túmọ̀ òfin ẹgbẹ́; ṣùgbọ́n ẹjọ́ a máa pẹ́, ẹgbẹ́ tí Achebe kọ́kọ́ darí lọ́dún 1981 sì ní ilẹ̀ ní Mpape, Àbújá, tó ń fẹ́ alábòójútó. Bí irú ìjà bẹ́ẹ̀ bá tún wáyé, kí àwọn àgbà tí kò du ipò yẹ ìwé orúkọ náà wò níṣojú igun méjèèjì tó ń jà, kí ẹgbẹ́ tó tún ìbò dì.