Òdòdó Ọ̀dà: Ẹ Má Jẹ́ Kí Ọ̀dà Àlòkù Ba Orúkọ Wa Jẹ́

Ọ̀rọ̀ tó fa àríyànjiyàn ní ìpàdé wa tó kọjá ni a fẹ́ dá sí lóṣù yìí. Àwọn kan nínú àwọn ìyá àti ọ̀dọ́ wa fẹ́ yá owó láti fi ṣe iṣẹ́ òdòdó ọ̀dà, èyí tí wọ́n ń da ọ̀dà sórí kánfáàsì láì lo búrọ́ọ̀ṣì rárá. Àwọn àgbà kan ní eré ọmọdé ni, pé owó ẹgbẹ́ kì í ṣe owó eré.

Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá dúró wò wọ́n yóò mọ̀ pé iṣẹ́ ni. Wọn a po ọ̀dà mọ́ omi àti gúlúù títí yóò fi máa ṣàn bí oyin. Wọn a kọ́kọ́ da funfun sí ojú kánfáàsì, wọn a wá da pupa tàbí búlúù díẹ̀ sí àárín. Ẹ̀rọ tí àwọn onídìrí fi ń gbẹ irun ni wọ́n fi ń fẹ́ ẹ láti àárín bọ́ sí ẹ̀gbẹ́, òdòdó á sì là lójú ẹni. Bí ọ̀dà bá ki jù, kò ní rìn. Bí ó bá ṣàn jù, gbogbo àwọ̀ á dà pọ̀ bí ẹrẹ̀. Kì í sì í ṣe ohun àná: Siqueiros, ará Mẹ́síkò, ti ń da ọ̀dà sórí pákó ní àwọn ọdún 1930. Ṣebí àwọn ìyá wa ní Abẹ́òkúta náà ń ta àbẹ́là yíyọ́ sára àdìrẹ?

Ohun tó ń bà wá lẹ́rù ni ibi tí ọ̀dà ti ń wá. Ní Ọ̀tà àti Sàngó níbí, ọ̀dà àlòkù inú dúrọ́ọ̀mù kò wọ́n. Ọ̀kan nínú wa ra irú rẹ̀ lẹ́bàá títì, ó fi ṣe òdòdó fún òtẹ́ẹ̀lì kan. Kó tó di oṣù méjì, ọ̀dà ti sán, ó ń bó sílẹ̀. Nígbà tí ọmọ ẹgbẹ́ mìíràn gbé tirẹ̀ dé ibẹ̀, wọ́n ní, "Ṣé ẹ̀yin ará Ọ̀tà yẹn náà nìyí?" Wọn ò tilẹ̀ wo iṣẹ́ rẹ̀.

Irú èyí ti ṣẹlẹ̀ rí. Ní Abẹ́òkúta ní àwọn ọdún 1930, àwọn oníbàárà ń ráhùn pé aró òyìnbó àti sódà ń ba àdìrẹ jẹ́. Aláké Adémọ́lá fòfin dè wọ́n, ọ̀rọ̀ náà sì di ìjà láàrin ààfin àti àwọn aláró. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru.

Òjé tún ńkọ́? Ó máa ń wà nínú ọ̀dà àtijọ́, pàápàá pupa àti yẹ́lò tí a ń fi kẹrosíìnì pò. Òfin NAFDAC ti ọdún 2021 ní òjé kò gbọdọ̀ ju ìdá 90 lọ nínú mílíọ̀nù kan. Dúrọ́ọ̀mù tí kò ní àkọlé, ta ló mọ ohun tó wà nínú rẹ̀? Ọpọlọ ọmọdé ni òjé ń bàjẹ́. Ní 2010, òjé inú ilẹ̀ tí wọ́n ti ń wa wúrà pa ọmọ tó ju 400 lọ ní Zamfara. Inú ilé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ, ni púpọ̀ nínú wa sì ti ń ṣe iṣẹ́ yìí.

Nítorí náà, ohun tí a rò nìyí. Kí ẹgbẹ́ yá wọn, ṣùgbọ́n kí ó má jẹ́ owó lọ́wọ́. Kí a jọ ra ọ̀dà olómi tó ní àkọlé lápapọ̀, kí kálukú gba tirẹ̀, kí ó máa san án díẹ̀díẹ̀. Kí a gbé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan kọ́ fún oṣù kan kí a tó tà á. Kí ẹnikẹ́ni má da ìdọ̀tí ọ̀dà sí gọ́tà. Ẹni tó bá sì lo ọ̀dà àlòkù, kó má fi orúkọ ẹgbẹ́ tajà.

Ìpàdé tó ń bọ̀ ni a ó dìbò. Ẹ̀yin àgbà tó ní eré ni, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́kọ́ yà lọ wo àwọn ọmọ yìí lẹ́nu iṣẹ́. Àjọṣe wa kò ní bàjẹ́ o.