Wọ́dúróòbù àtijọ́: Ẹ fi imú yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́ ẹ tó sanwó

Lọ́sẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ ibi tá à ń kó aṣọ sí la fẹ́ jọ sọ, àgàgà wọ́dúróòbù àtijọ́ tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń rà ní àlòkù.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé láyìíká Ìkòròdú Industrial Estate, ní Odógunyán, ẹ mọ bọ́rọ̀ ṣe máa ń rí. Ọ̀dọ́kùnrin á ríṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ kan níbẹ̀, á gba yàrá kan sí tòsí kówó ọkọ̀ má baà jẹ owó oṣù rẹ̀ tán. Kò ní pẹ́ tá á fi gbéyàwó, aṣọ á pọ̀ ju ohun tí báàgì lè gbà lọ, ìyàwó á sì lóyún. Wọ́n á ní àfi káwọn wá wọ́dúróòbù. Tí wọ́n bá gbọ́ iye tí káfíńtà ń gbà lórí tuntun, wọ́n á yà sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta àlòkù. Níbẹ̀ ni wọ́n á ti rí ọ̀kan tó ga, tó ní dígí lójú, tí ẹni tó ń tà á sọ pé láyé òyìnbó ni wọ́n ti kàn án.

Rírà á ò burú. Kódà, ó lè dáa ju tuntun lọ. Ṣùgbọ́n bí aṣọ ṣe ń gbé inú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni nǹkan mìíràn wà tó lè máa gbé ibẹ̀, tó sì lè ṣe ọmọ tuntun léṣe. Ẹ jẹ́ ká yẹ̀ ẹ́ wò bó ṣe yẹ.

IGI WO NI WỌ́N FI KÀN ÁN?

Láyé ìjọba amúnisìn, ẹ̀ka ìjọba táwọn àgbà mọ̀ sí PWD ló ń pèsè àga, tábìlì àti wọ́dúróòbù sílé àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba. Àwọn Àgùdà tó ti Brazil padà sí Èkó náà mú iṣẹ́ káfíńtà tó dáńtọ́ bọ̀. Igi gidi bí ọ̀gànwó, ìrókò àti apá wọ́pọ̀ lára ohun tí wọ́n ń kàn nígbà yẹn. Púpọ̀ nínú wọn ṣì wà nílé ẹbí. Báwọn ọmọ bá pín ogún tàbí tí wọ́n bá fẹ́ wó ilé, wọ́n á tà á, òun ló ń dé ọwọ́ àwọn onílòkù.

Ọ̀pọ̀ tuntun tó ń dán lóde òní, lẹ́búlẹ́bú igi tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù pò pọ̀ ni. Tómi bá kàn án lẹ́sẹ̀, á wú bíi búrẹ́dì. Gọ́ọ̀mù tí wọ́n sì ń lò fún púpọ̀ nínú wọn máa ń tú atẹ́gùn kan tí wọ́n ń pè ní formaldehyde sílẹ̀ sínú yàrá. Láti 2004 ni àjọ tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé ti kà á mọ́ ohun tó ń fa jẹjẹrẹ lára èèyàn. Igi gidi tí wọ́n fi eyín kì bọ ara wọn kò nílò irú gọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀.

Kẹ́ ẹ lè mọ ojúlówó, ẹ fa dúróọ̀ rẹ̀ jáde, ẹ wo etí pákó náà àti ẹ̀yìn rẹ̀. Ìlà ara igi gidi máa ń ti ojú dé etí. Tó bá jẹ́ awẹ́ tín-ín-rín ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn lójú, ẹ óò rí ibi tó ti ń ṣí. Ẹ gbé igun rẹ̀ sókè díẹ̀. Ìrókò àti apá máa ń wúwo, arère fúyẹ́, kòkòrò sì fẹ́ràn rẹ̀.

KÒKÒRÒ ÀTI ERUKU

Ẹ gba tọ́ọ̀ṣì dání. Tẹ́ ẹ bá rí ihò wẹ́wẹ́ tí lẹ́búlẹ́bú funfun ń dà lábẹ́ rẹ̀, kòkòrò ṣì wà nínú igi náà nìyẹn. Tí ihò náà bá ti dúdú, tí kò sí nǹkan tó ń dà, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti lọ. Ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀ bóyá amọ̀ ikán wà níbẹ̀. Ẹ wo oríkèé igi àti ẹ̀yìn dúróọ̀: tẹ́ ẹ bá rí tótòtó dúdú bíi ti yíǹkì, ìdun ló yàgbẹ́ síbẹ̀. Ìdun lè wà fún ọ̀pọ̀ oṣù láì mu ẹ̀jẹ̀, nítorí náà ẹ má gbà tí wọ́n bá ní ó ti pẹ́ tẹ́nikẹ́ni ti lò ó.

Ẹ má fi ìgbálẹ̀ gbá orí rẹ̀ nínú yàrá. Ìta ni kẹ́ ẹ ti fi aṣọ tútù nù ún. Ládùúgbò tí wọ́n ti ń yọ́ irin, àti ní Ògíjo tó bá Ìkòròdú pààlà níbi tí wọ́n ti ń yọ́ òjé inú bátìrì, eruku orí wọ́dúróòbù kì í ṣe eruku lásán. Òjé máa ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Ọ̀dà àtijọ́ tó ń ṣí lára igi náà lè ní òjé, ẹ má ha á ní gbígbẹ, ẹ má sì jẹ́ kọ́mọdé wà nítòsí.

ÒÓRÙN KÁŃFỌ̀

Ibi tá à ń lọ gan-an rèé. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀, ẹ ki orí bọ inú rẹ̀, kẹ́ ẹ gbóòórùn rẹ̀. Tó bá jẹ́ òórùn igi lásán, kò sí wàhálà. Tó bá ń rùn bí aṣọ tí kò gbẹ, ó ti gbé inú ọ̀rinrin. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ òórùn káńfọ̀ ló kọlu imú yín, ẹ dúró ná.

Káńfọ̀ ni bọ́ọ̀lù funfun kékeré táwọn ìyá wa máa ń jù sáàárín aṣọ kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́. Naphthalene ló wà nínú ọ̀pọ̀ rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ló ń di atẹ́gùn, ìdí nìyẹn tó fi ń kéré sí i títí tá á fi pòórá. Atẹ́gùn yẹn máa ń wọnú aṣọ, ó sì máa ń wọnú igi. Wọ́dúróòbù tí wọ́n ti ń ju káńfọ̀ sí fún ogún ọdún lè máa rùn ún kódà nígbà tí kò sí ẹyọ kan nínú rẹ̀ mọ́.

Ewu wo ló wà níbẹ̀? Èròjà kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní G6PD. Òun ló ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀ pupa kó má baà fọ́. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé tiwọn kò tó láti inú oyún, ọ̀dọ̀ ìyá lọmọkùnrin sì ti ń jogún rẹ̀. Ní Nàìjíríà, nínú ọkùnrin mẹ́rin tàbí márùn-ún, a lè rí ẹnì kan tó rí bẹ́ẹ̀. Ara rẹ̀ á dá ṣáṣá, kò tiẹ̀ ní mọ̀, àfìgbà tí ohun tó ń fọ́ ẹ̀jẹ̀ bá wọ ara rẹ̀. Naphthalene wà lára wọn.

Tẹ́ ẹ bá wá wọ aṣọ tó ti gbé inú káńfọ̀ fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀, pàápàá tẹ́ ẹ bá ti fi òróró pa á lára, naphthalene lè gba imú àti awọ ara rẹ̀ wọlé. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á máa fọ́. Ojú rẹ̀ á pọ́n bí ìyeyè, ìtọ̀ rẹ̀ á dúdú, kò ní fẹ́ mu ọyàn, á kàn máa sùn ṣáá. Ibà pọ́njú nìyẹn. Tó bá le, á wọ ọpọlọ. Ó lè pa ọmọ, èyí tí kò sì pa lè di adití tàbí aláàbọ̀ ara títí ayé. Àwọn oníṣègùn ọmọdé wa ò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sọ ọ́. Ní 1985, J.B. Familusi àti A.H. Dawodu tẹ ìwádìí jáde lórí ibà pọ́njú ọmọ ìkókó àti àwọn oògùn pẹ̀lú kẹ́míkà inú ilé ní Nàìjíríà.

Nítorí náà, tí aboyún tàbí ọmọ ìkókó bá wà nílé, ẹ fi wọ́dúróòbù tó ń rùn káńfọ̀ sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á. Tẹ́ ẹ bá ti rà á, ẹ gbé e síta, ẹ fi omi ọṣẹ nù ún, kẹ́ ẹ ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ sí oòrùn àti atẹ́gùn lọ́jọ́ púpọ̀, títí òórùn yẹn á fi lọ pátápátá. Síbẹ̀, ẹ má kó aṣọ ọmọ síbẹ̀. Aṣọ ìkókó tẹ́ ẹ ti kó pamọ́ látìgbà ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ sá a sóòrùn dáadáa kẹ́ ẹ tó wọ̀ ọ́ fún un. Tí ìyá àgbà bá mú káńfọ̀ wá, ẹ má bá wọn jà. Ẹ dúpẹ́, kẹ́ ẹ sọ fún wọn pé dókítà ló ní káwọn má lò ó.

Tójú ọmọ bá ti pọ́n, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà ni. Gbígbé ọmọ sí oòrùn àárọ̀, omi glúkóòsì tàbí àgbo kò tó. Ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì pé ẹ lo káńfọ̀ nílé.

Ẹ má sì torí pé ẹ sá fún káńfọ̀ kẹ́ ẹ wá lọ máa fín Sniper sínú ibi tí aṣọ wà. Oògùn oko ni. Ní 2019 ni NAFDAC fòfin de títa ìgò kékeré rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Aṣọ tó mọ́, tó gbẹ dáadáa, tẹ́ ẹ sì ń sá sóòrùn lóòrèkóòrè, kòkòrò kì í fẹ́ràn rẹ̀.

KÓ MÁ WÓ LU ỌMỌ

Igi gidi wúwo. Bí ọmọdé bá fa dúróọ̀ jáde tó gùn ún bí àkàbà, gbogbo rẹ̀ lè dà wó o. Ní 2016, ilé iṣẹ́ IKEA ní káwọn èèyàn Amẹ́ríkà dá nǹkan bíi mílíọ̀nù 29 àpótí onídúróọ̀ padà nítorí pé ó ti wó pa àwọn ọmọdé. Ẹ ní kí káfíńtà fi irin de tiyín mọ́ ògiri. Ẹ kó ohun tó wúwo sísàlẹ̀, ẹ má gbé ẹrù sórí rẹ̀. Tó bá ní kọ́kọ́rọ́ tó ń tì látìta, ẹ yọ ọ́ dànù, torí ọmọ tó ń ṣeré bojúbojú lè há síbẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ wọn ẹnu ọ̀nà yín àti yàrá yín. Inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ tó ínǹṣì 22 láti iwájú dé ẹ̀yìn kí aṣọ tó lè rọ̀ dáadáa. Ẹ fi àyè ìkúùkù kan sílẹ̀ láàárín rẹ̀ àti ògiri kí atẹ́gùn lè gba ẹ̀yìn rẹ̀.

Tí kò bá sí èyí tó yege, ẹ má fi dandan rà á. Pákó kò jìnnà sí wa. Àgbòwà ni ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó kọ́ ọjà pákó Timberville sí fáwọn onípákó Òkòbàbá. Ẹ ra pákó díẹ̀díẹ̀, káfíńtà á kàn án bó ṣe bá yàrá yín mu. Aṣọ lè wà nínú báàgì fóṣù mẹ́ta sí i. Ìlera ọmọ kò ṣeé fi dúró dè bẹ́ẹ̀.