Ọ̀dà Kì Í Dí Ihò Òrùlé

Àṣà kan ti fìdí múlẹ̀ nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ agbo ilé, ó sì yẹ ní bíbáwí ní gbangba. Bí Iléyá bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, tàbí tí ìgbéyàwó bá ń bọ̀ lọ́nà, owó díẹ̀ tí àwọn ọmọ ilé bá dá jọ, ọ̀dọ̀ pẹ́ńtà ni í kọ́kọ́ gbà lọ. Wọn a kun iwájú ilé, wọn a pààrọ̀ gẹ́ètì, wọn a lẹ tááìsì mọ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí àlejò ń gbà wọlé. Ní yàrá ẹ̀yìn, níbi tí ìyá arúgbó ń sùn, wọn a gbé garawa sí abẹ́ ibi tí òjò ti ń jò. Èyí ni wọ́n ń pè ní àtúnṣe ilé. Kì í ṣe àtúnṣe rárá. Aṣọ ni wọ́n fi bo egbò.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn pé omi ni olórí ọ̀tá ilé ní àgbègbè tí òjò ti ń rọ̀ fún oṣù méje tàbí mẹ́jọ nínú ọdún. Láti òkè ni ó ti ń kọ́kọ́ wọlé. Páànù kì í ṣàdédé bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ojú ihò ìṣó àti ibi tí páànù kan ti gun èkejì ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í dípẹtà. Omi tí ó bá gba ibẹ̀ wọlé a rìn lórí igi òrùlé kí ó tó kán sílẹ̀, ìdí sì nìyí tí àmì omi lára àjà kì í fi í sábà wà lábẹ́ ihò gan-an. Ẹni tí ó bá fi ọ̀dà funfun pa àmì náà rẹ́ kò tíì mọ ibi tí àìsàn wà. Igi tí omi bá sì ti rin, ikán kì í pẹ́ débẹ̀.

Láti ìsàlẹ̀ ni ó tún ń wọlé. Omi tí ń ṣàn láti etí òrùlé a máa gbẹ́ ilẹ̀ ìdí ògiri títí ìpìlẹ̀ yóò fi hàn síta. Ọ̀pọ̀ ilé ẹbí ní Ìbàdàn, Abẹ́òkúta àti Ìlọrin ni ó jẹ́ ilé amọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ lẹ́yìn ọdún pípẹ́. Amọ̀ a máa mu omi, a sì máa tú u síta padà nígbà tí atẹ́gùn bá fẹ́ sí i. Sìmẹ́ńtì kò gbà fún un. Omi tí ó bá ti ìsàlẹ̀ gun inú irú ògiri bẹ́ẹ̀ kò rí ọ̀nà jáde, amọ̀ a rọ̀ lábẹ́ sìmẹ́ńtì, sìmẹ́ńtì a sì ṣí kúrò lára rẹ̀ bí èèpo. Nígbà náà ni ẹ ó rí ohun funfun bí iyọ̀ ní ìdí ògiri. Pẹ́ńtà a fá a kúrò, a fi ohun funfun mìíràn dí i, a kùn ún, a gba owó rẹ̀, ó di ọdún tí ń bọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sì tìtorí èyí kẹ́gàn ilé amọ̀: èyí tí òrùlé rẹ̀ dára, tí ìdí rẹ̀ sì gbẹ, lè pẹ́ ju ilé bulọ́ọ̀kù tí wọ́n fi yanrìn púpọ̀ àti sìmẹ́ńtì díẹ̀ mọ lọ.

Ọdún Hijra fi nǹkan bí ọjọ́ 11 kúrú sí ti àwọn Òyìnbó. Nítorí náà Iléyá kì í dúró sójú kan. Ní 2024 àti 2025, inú oṣù kẹfà ni ó bọ́ sí, nígbà tí òjò ń rọ̀ kíkankíkan. Síbẹ̀, ní àkókò yẹn gan-an ni wọ́n ń kun ògiri tí ó ṣì tutù. Ọ̀dà tí ẹ bá kùn sórí ògiri tútù yóò wú, yóò sì ṣí. Kò sí ibi tí ẹ̀sìn ti pàṣẹ pé kí ògiri wọ aṣọ tuntun ní ọjọ́ ọdún.

Àwọn kan yóò dáhùn pé: "Owó ọ̀dà ni agbára wa ká, owó òrùlé pọ̀ jù." Ọ̀rọ̀ yìí ni ó ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ. Ta ni ó sọ pé gbogbo òrùlé ni wọ́n gbọ́dọ̀ ṣí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo? Ẹ mú káfíńtà gun òkè nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, láàárín oṣù kọkànlá sí oṣù kejì, kí ó ka iye páànù tí ó ti jẹ. Bí ó bá jẹ́ mẹ́fà, mẹ́fà ni kí ẹ pààrọ̀. Kí ó yọ ìṣó tí ó ti tú, kí ó fi èyí tí ó ní rọ́bà lábẹ́ orí rẹ̀ rọ́pò. Lẹ́yìn náà, ẹ kó ilẹ̀pa dí ibi tí omi ti gbẹ́ ní ìdí ògiri, kí ẹ sì da kọnkéré pẹlẹbẹ yí ilé ká, kí ó dagun díẹ̀ sí ìta, kí omi lè máa ṣàn jìnnà sí ìpìlẹ̀. Yanrìn, òkúta wẹ́wẹ́ àti àpò sìmẹ́ńtì mélòó kan ni iṣẹ́ yìí ń fẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ ilé sì lè fi ọwọ́ ara wọn pò ó ní ọjọ́ Sátidé méjì, bí wọn kò bá ka ṣọ́bìrì sí ohun ìtìjú.

Ohun tí owó kò bá ká lọ́dún yìí, ẹ máa rà á díẹ̀díẹ̀. Páànù, ìṣó àti pákó tí wọ́n ti fi oògùn ikán sí kì í tètè bàjẹ́ bí ẹ bá kó wọn sí ibi gbígbẹ. Sìmẹ́ńtì kò rí bẹ́ẹ̀: bí ó bá ti lé ní oṣù mẹ́ta nínú àpò, agbára rẹ̀ ti ń dínkù, nítorí náà ẹ má ṣe rà á pamọ́. Ní 2014 ni SON, àjọ ìjọba tí ń ṣàkóso ìjójúlówó ọjà ní Nàìjíríà, ya sìmẹ́ńtì sọ́tọ̀: èyí tí wọ́n kọ 32.5 sí lára wà fún rírẹ́ ògiri, 42.5 sì wà fún òpó, dẹ́kìn àti bulọ́ọ̀kù. Ẹ ka ara àpò kí ẹ tó sanwó. Bíríkìlà tí ó bá sì rẹ́ ògiri tán tí kò wọ́n omi sí i fún ọjọ́ mélòó kan, pàápàá nígbà ọyẹ́, ògiri náà yóò lanu, aláǹgbá yóò sì ráyè.

Ẹ tún wo àrà kan tí ó ti gba ìgboro: wọn a mọ ògiri yí òrùlé ká kí páànù má baà hàn, kí ilé lè dà bí ti àwọn olówó. Àárín ògiri náà àti páànù ni omi ń gbà; bí ewé bá dí ojú ihò rẹ̀, inú yàrá ni omi ń dà sí. Ilé tí kì í jò tẹ́lẹ̀ ni wọ́n fi owó ra jíjò fún.

Èyí tí ó burú jù ni ti owó èlé. Mùsùlùmí mọ̀ pé èlé jẹ́ hàráàmù. Ṣùgbọ́n ẹ ó rí ẹni tí ó ń kí ìrun márààrún, tí ó lọ yá owó èlé láti fi gbé POP sí àjà pálọ̀. Kò lè sọ pé ìṣẹ́ ni ó ti òun síbẹ̀. POP kì í ṣe oúnjẹ, kì í ṣe oògùn. Bí òrùlé bá sì jò, POP yẹn ni omi yóò kọ́kọ́ bà jẹ́. Gbèsè rẹ̀ yóò ṣì wà lọ́rùn.

Nínú ilé ẹbí, òrùlé kan ni ó bo gbogbo ajogún. Ọmọ tí ó lówó a tún apá tirẹ̀ ṣe, apá arákùnrin rẹ̀ tí kò rí jẹ a máa jò. Ó gbàgbé pé igi òrùlé kan náà ni ó gùn láti yàrá kan dé èkejì. Kí ẹbí dá owó òrùlé jọ ṣáájú owó yàrá ẹnikẹ́ni. Kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀: iye tí oníkálukú mú wá, àti bóyá ẹ̀bùn ni tàbí owó yíyá. Ẹsẹ 282 nínú Sūratul-Baqarah ti pàṣẹ kíkọ gbèsè sílẹ̀, ṣùgbọ́n ojútì kì í jẹ́ kí àwọn ọmọ ìyá ṣe é. Nígbà tí ó bá yá, kóòtù ni wọ́n ti ń pàdé lórí ilé tí bàbá wọn kọ́.

Ní ti wáyà iná tí ó ti gbó, ẹ má ṣe dín owó rẹ̀ kù: 1.5 fún gílóòbù, 2.5 fún sọ́kẹ́ẹ̀tì, kí ó jẹ́ bàbà, kí ẹni tí ó kọ́ṣẹ́ sì so ó. Àjà ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì tí ó wà nínú ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́, ẹ má ṣe fi òòlù fọ́ ọ, nítorí eruku rẹ̀ a máa ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́ lẹ́yìn ọdún púpọ̀. Ẹ fi omi rin ín, kí ẹ sì tú u ní odindi.

Ó ku àwọn tí àtúnṣe wọn ń pa aládùúgbò lára, àwọn tí wọ́n dí gọ́tà kí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn lè fẹ̀ sí i. Ní Ìbàdàn, ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ 1980 ni odò Ògùnpa ya wọ ìlú. Ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ 2011 ni omíyalé mìíràn tún gbé ènìyàn àti ilé lọ. Ọlọ́hun ni ó rọ òjò, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ojú ọ̀nà omi, ọwọ́ ènìyàn ni ó dí i. Ẹni tí tááìsì rẹ̀ bá wà lórí gọ́tà àdúgbò lónìí, kí ó mú òòlù, kí ó fọ́ ọ kí oṣù kẹjọ tó dé.