Ọwọ́ Ni Wọ́n Fi Jù Ú, Kò Sí Ọ́fúsáìdì Níbẹ̀

Díẹ̀ ló kù kí wọ́n gbá rẹfirí létí lọ́jọ́ náà. Káfíńtà ń bá mẹkáníìkì gbá bọ́ọ̀lù ní pápá iléèwé, tíṣà kan ni rẹfirí. Ọ̀mì ni wọ́n wà, ìṣẹ́jú díẹ̀ ló kù. Bọ́ọ̀lù jáde, káfíńtà kan jù ú wọlé. Ẹnìkejì rẹ̀ tó ti lọ dúró síwájú, tó jẹ́ pé gólì nìkan ló kù níwájú rẹ̀, gbà á, ó gbá a sáwọ̀n. Fèrè dún: góòlù!

Ọ̀rọ̀ di ariwo. "Ọ́fúsáìdì! Èló ni wọ́n fún ẹ?" Ọ̀gá mẹkáníìkì kan ti di kọ́là rẹfirí mú.

Ìyá alákàrà tó ń dín àkàrà létí pápá ló lọgun: "Ọ̀gá, ẹ fi tíṣà sílẹ̀ o! Ọmọ tèmi náà wà nínú ẹ̀yin tí wọ́n nà, ṣùgbọ́n kò sí ọ́fúsáìdì nínú tíróìn!"

Wọ́n fi í rẹ́rìn-ín. Alákàrà, kí ló kàn án nínú bọ́ọ̀lù?

Òótọ́ pọ́ńbélé sì lobìnrin náà sọ. Òfin kọkànlá nínú ìwé òfin bọ́ọ̀lù ló sọ ọ́: bí bọ́ọ̀lù bá ti inú tíróìn, kọ́nà tàbí góòlù kíìkì wá bá èèyàn tààrà, kò sí ọ́fúsáìdì.

Bẹ́ẹ̀ kọ́ ló rí tẹ́lẹ̀. Láyé ọjọ́un nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ́fúsáìdì ń bẹ nínú tíróìn. Tí wọ́n bá ti há ẹgbẹ́ kan mọ́, wọn a kàn gbá bọ́ọ̀lù síta, wọn a sún síwájú, ẹni tó fẹ́ jù ú ò ní rẹ́ni jù ú sí. Ọdún 1920 ni wọ́n tó yọ ọ́ kúrò.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má fi ìlàjì òfin jà. "Tààrà" lòfin wí. Bí ẹni tó gba tíróìn bá fi orí kàn án sí ẹlòmíì tó wà ní ọ́fúsáìdì, fèrè á dún. Tíróìn fúnra rẹ̀ ò sì lè di góòlù. Bó bá wọ àwọ̀n alátakò láìkan ẹnikẹ́ni, góòlù kíìkì ni. Bó bá wọ àwọ̀n ẹgbẹ́ ẹni tó jù ú, kọ́nà ni.

Àwọn tó gbọ́n ti fi òfin yìí jẹun. Rory Delap ti Stoke City, tó ti ju ọ̀kọ̀ rí níléèwé, a máa ju bọ́ọ̀lù láti ẹ̀gbẹ́ pápá títí dé ojú ilé. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 2008, Stoke na Arsenal 2-1, inú tíróìn Delap sì ni góòlù Stoke méjèèjì ti wá. Ta ló gbá èkejì wọlé? Ọmọ Yorùbá ni, Seyi Olofinjana!

Nígbà tí tíṣà yọ ìwé òfin nínú báàgì, tó kà á sétígbọ̀ọ́ gbogbo wọn, ọ̀gá mẹkáníìkì tu kọ́là sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ fún un. Ó wá rọra lọ sídìí àkàrà.

"Ìyá, ta ló kọ́ yín ní bọ́ọ̀lù?"

"Ọdún méjìlá ni mo ti ń dínkàrà níbí. Epo ló ń ta sí mi lójú, ojú ọ̀hún ò fọ́. Ti èló ni kí n bù fún yín?"