Ẹni tí Agogo Wà Lọ́wọ́ Rẹ̀ ni kí ó Ti Ẹ̀rọ Ìgékoríko



Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní Amẹ́ríkà àti ní Australia, kì í ṣe ohun ìtìjú kí onílé fúnra rẹ̀ gé koríko iwájú ilé rẹ̀ ní ọ̀sán Sátidé. Bí irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ bá pàdé, wọn a máa jiyàn. Ọ̀kan yóò ní kò sí ẹ̀rọ ìgékoríko tí ó dàbí Atco; èkejì yóò ní Victa ni baba gbogbo wọn. Wọn a sì tún máa jiyàn lórí agogo tí ó yẹ kí ó wà ní ọrùn ọwọ́ ẹni tí ń ti ẹ̀rọ náà. Ẹni tí ó bá gbọ́ wọn lè rẹ́rìn-ín, kí ó pè é ní ọ̀rọ̀ àwọn tí inú wọn yó. Èmi kò pè é bẹ́ẹ̀. Mo gbà pé àríyànjiyàn náà kàn wá, àwa tí a ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́, nítorí ìbéèrè méjì ni ó wà nínú rẹ̀: ta ni ó yẹ kí ó gé koríko, àti ta ni ó yẹ kí ó mọ iye àkókò tí gígé náà gbà?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ gbọ́ bí ẹ̀rọ náà ti wá sáyé. Kí ọdún 1830 tó dé, dòjé eléèkù gígùn ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ń gé koríko àgbàlá wọn. Ìdájí ni àwọn alágbàṣe ń jáde, nígbà tí ìrì ṣì wà nílẹ̀, nítorí koríko tútù ni dòjé ń gé dáradára. Bí oòrùn bá ti là, tí koríko sì gbẹ, a máa tẹ̀ níwájú abẹ, kò sì ní gé. Ìrì ni agogo wọn. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1830, ọkùnrin kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Edwin Beard Budding, ní Thrupp lẹ́bàá ìlú Stroud, gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ẹ̀rọ kan tí ó yí gbogbo èyí padà. Ibi iṣẹ́ aṣọ ni ó ti rí ọgbọ́n náà. Aṣọ onírun àgùntàn ni wọ́n ń hun ní agbègbè yẹn, ẹ̀rọ kan sì wà tí abẹ rẹ̀ ń yí, tí ó ń fá irun wúruwùru orí aṣọ kí ojú rẹ̀ lè jọ̀lọ̀. Budding rí i pé ohun tí ó lè fá aṣọ lè fá ilẹ̀ pẹ̀lú.

Ó to abẹ yí ọ̀pá irin kan ká. Ó fi abẹ mìíràn tí kì í mira sí ìsàlẹ̀. Bí a bá ti ẹ̀rọ náà, àgbá irin tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ yóò yí, eyín irin yóò gbé agbára náà dé ọ̀dọ̀ abẹ, koríko yóò sì bọ́ sí àárín abẹ tí ń yí àti abẹ tí ó dúró, gẹ́gẹ́ bí aṣọ ti ń bọ́ sí ẹnu àlùmọ́gàjí. Ẹ̀rọ àkọ́kọ́ yìí gé ilẹ̀ tí ó fẹ̀ ní íǹṣì 19. Ní 1832, ilé iṣẹ́ Ransomes ní Ipswich gba àṣẹ láti máa rọ irú rẹ̀. Ọgbà ẹranko tí ó wà ní Regent's Park ní London wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ lò ó.

Ohun méjì nínú ìtàn yìí ni mo fẹ́ kí a dì mú. Èkíní ni pé ẹ̀rọ náà kò dàbí dòjé. Koríko gbígbẹ ni ó fẹ́. Nítorí náà iṣẹ́ bọ́ kúrò lọ́wọ́ ìrì, ó bọ́ sí ọwọ́ agogo. Ènìyàn lè yan wákàtí tí ó wù ú. Èkejì ni pé, nínú ìwé ẹ̀tọ́ rẹ̀, Budding sọ pé àwọn ọlọ́lá ìgbèríko fúnra wọn lè fi ẹ̀rọ náà ṣe eré ìdárayá tí ó lérè tí ó sì ń mú ara le. Ẹ kíyè sí i: láti ọjọ́ tí a ti bí ẹ̀rọ yìí, ẹni tí ó bí i kò rí i bí ohun ìjìyà. Ó rò pé baba ilé lè bọ́ ẹ̀wù ńlá sílẹ̀ kí ó sì tì í.

Àwọn tí ó tẹ̀lé e pọ̀. Ní 1902 Ransomes bẹ̀rẹ̀ sí í ta èyí tí ń lo epo pẹtirólù. Ní 1921 Atco jáde ní Birmingham. Ní 1952, Mervyn Victor Richardson ní Sydney kan Victa àkọ́kọ́, agolo èso píìṣì ni ó sì fi ṣe ilé epo rẹ̀. Àwọn ará Australia fẹ́ràn ẹ̀rọ náà tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi gbé e jáde níbi ìṣíde eré Olympic ní 2000. Ní 1995, Husqvarna ti Sweden mú èyí tí ń lo agbára oòrùn jáde, tí ń rìn kiri fúnra rẹ̀ láìsí ẹni tí ń tì í.

Bí a bá ní kí n yan ọ̀kan fún ilé ẹ̀kọ́, èyí tí a ń fi ọwọ́ tì, ọmọ Budding gan-an, ni èmi yóò yàn. Kì í pariwo. Ẹ̀kọ́ lè máa lọ nínú iyàrá kí koríko sì máa lọ lóde. Kì í jẹ epo. Bí ẹni tí ń tì í bá dúró, abẹ náà dúró, èyí tí kì í rí bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ elépo. Bí àlùmọ́gàjí ni ó ń gé, nígbà tí abẹ kan ṣoṣo tí ń fò yípo lábẹ́ ẹ̀rọ elépo ń fi ipá ṣá ewé, tí ẹnu rẹ̀ a sì máa ya bí kò bá mú. Ó ní àbùkù tirẹ̀: kò lè gé koríko tí ó ti ga dé orúnkún, bẹ́ẹ̀ ni òkúta àti ẹ̀ká igi jẹ́ ọ̀tá rẹ̀. Nítorí náà àdá tàbí langalanga ni yóò kọ́kọ́ la ọ̀nà, kí ẹ̀rọ tó tẹ̀lé e. Lẹ́yìn náà a kò gbọdọ̀ fi pápá sílẹ̀ pẹ́ nígbà òjò. Òfin àwọn olùtọ́jú pápá ni pé kí a má ṣe gé ju ìdá kan nínú mẹ́ta gíga koríko lọ lẹ́ẹ̀kan náà, kí gbòǹgbò rẹ̀ má bàa kú.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a wo agogo. Títí di ogun 1914 sí 1918, agogo àpò ni ọ̀pọ̀ ọkùnrin ilẹ̀ Yúróòpù ń lò. Wọ́n ní ti obìnrin ni agogo ọwọ́. Ogun ni ó kọ́ wọn lọ́gbọ́n, nítorí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì kún fún iṣẹ́ kò lè máa wá agogo nínú àpò. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ẹni tí ń ti ẹ̀rọ: bí ó bá máa wo agogo àpò, yóò dúró, yóò nu ọwọ́, yóò sì pàdánù ìrìn rẹ̀.

Ṣùgbọ́n irú agogo ọwọ́ wo? Nínú ọ̀pọ̀ agogo àtijọ́ tí a ń yí láràárọ̀, kẹ̀kẹ́ wẹ́wẹ́ kan ń lọ síwá sẹ́yìn, ó sì ń lù ní ìgbà 5 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Orí irin tín-ín-rín bí irun ni kẹ̀kẹ́ náà dúró lé, nítorí náà ìgbọ̀nrìrì àti ìkọlù a máa ṣe é níbi. Òógùn àti eruku koríko kò sì dára fún un. Àwọn ọlọ́gbọ́n ti sapá: ní 1926 Rolex mú Oyster jáde, tí omi àti eruku kò lè wọ̀. Ní 1969 Seiko mú Astron jáde, tí òkúta quartz ń darí. Nínú irú agogo yìí tí ó wọ́pọ̀ lónìí, òkúta náà ń gbọ̀n ní ìgbà 32,768 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìgbọ̀nrìrì ọwọ́ ènìyàn kò sì lè tètè dà á láàmú.

Èyí tí ó wù mí jù lọ dé ní 1983. Kikuo Ibe, òṣìṣẹ́ Casio ní Jàpáánì, ní agogo kan tí baba rẹ̀ fún un. Ó bọ́ sílẹ̀, ó sì fọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá agogo tí yóò já bọ́ láti gíga mítà 10 láìfọ́. Ó ju àwòṣe 200 lọ tí wọ́n ṣe kí ó tó yọrí, títí ó fi rí ọmọbìnrin kan tí ń gbá bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀ nínú ọgbà, tí ó sì yé e pé bí ọkàn agogo bá dàbí ohun tí ó léfòó láàárín bọ́ọ̀lù, ìkọlù ìta kì yóò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Agogo náà ni a ń pè ní G-Shock. Rọ́bà àti ike ni ara rẹ̀. Ní ti agogo oníwúrà, ẹ jẹ́ kí ó wà nínú àpótí di ọjọ́ ìsinmi. Kò níṣẹ́ lórí pápá. Ẹni tí owó rẹ̀ kò bá sì tó ra G-Shock, agogo oníke olówó pọ́ọ́kú èyíkéyìí tí ó ní bátìrì yóò ṣe é.

Ẹnìkan lè bèèrè pé, kí ni koríko fẹ́ fi agogo ṣe? Ẹ jẹ́ kí a ṣírò. Ká ní pápá kan gùn ní mítà 50, ó sì fẹ̀ ní mítà 20. Bí ẹ̀rọ bá fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 35, tí a sì jẹ́ kí ipa kan gun orí èkejì ní sẹ̀ǹtímítà 5 kí koríko má bàa ṣẹ́kù láàárín, sẹ̀ǹtímítà 30 ni a ń jèrè ní ìrìn kan. Ìrìn 67 ni yóò sì tán pápá náà. Ẹni tí ó bá ń rin kìlómítà 3 ní wákàtí kan yóò lo ìṣẹ́jú kan lórí mítà 50. Bí ó bá fi ìṣẹ́jú-àáyá 10 yí padà ní ìgbà 66, ó di ìṣẹ́jú 11. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú 78. Níhìn-ín ni ìṣirò, ìwọ̀n àti ìpín wà, láìlo ẹfun kan. Ọmọ tí ó bá fi agogo wo iṣẹ́ ara rẹ̀, tí ó sì rí i pé ìṣirò òun fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a mu, kò ní gbàgbé ẹ̀kọ́ náà.

Agogo tún ń dáàbò bo ara. Ọwọ́ tí ó bá di ẹ̀rọ elépo mú pẹ́ jù lọ́jọ́ gbogbo, ìka rẹ̀ a máa kú, a sì máa funfun. Nítorí èyí ni Ẹgbẹ́ Àwọn Orílẹ̀-èdè Yúróòpù fi ṣe òfin ní 2002 pé kí agbanisíṣẹ́ máa ṣírò bí ìgbọ̀nrìrì ẹ̀rọ ti pọ̀ tó àti iye wákàtí tí òṣìṣẹ́ fi dì í mú.

Wàyí o, mo dé ibi tí ọ̀rọ̀ mi ń lọ. Ẹ jẹ́ kí a wo bí a ti ń ṣe é ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ilẹ̀ wa. Ọmọ tí ó bá ṣe apẹ́lẹ́yìn ni a ń fún ní koríko gé. Olùkọ́ yóò dúró lábẹ́ ìbòòji, agogo yóò wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ yóò tẹ̀ ba nínú oòrùn, àdá yóò wà lọ́wọ́ tirẹ̀. Ọmọ tí ó ti pàdánù ìdajì wákàtí nínú ẹ̀kọ́ nítorí pé ó pẹ́, a tún gba wákàtí kan lọ́wọ́ rẹ̀ láti fi kọ́ ọ bí a ti ń mọ iyì àkókò! Ẹsẹ̀ ni olùkọ́ sì fi ń wọn ìpín: ọmọ ọdún mẹ́jọ àti géńdé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún a máa gba ìwọ̀n ilẹ̀ kan náà. Èyí kì í ṣe òdodo. Ibi tí ó sì burú sí jù ni pé, a ti fi ojú ìjìyà han iṣẹ́ fún ọmọ náà. Bí ó bá dàgbà, tí ó rí ẹni tí ń gé koríko, yóò máa rò pé ẹlẹ́ṣẹ̀ ni tàbí òtòṣì. Ǹjẹ́ ó yẹ kí ó yà wá lẹ́nu bí àwọn ọmọ tí a kọ́ báyìí bá ń sá fún oko àti ọgbà?

Àwọn kan yóò ní bí olùkọ́ bá ti ẹ̀rọ níwájú àwọn ọmọ, ọ̀wọ̀ rẹ̀ yóò dínkù. Mo bèèrè pé, ǹjẹ́ ọ̀wọ̀ Pọ́ọ̀lù dínkù nítorí pé ó pa àgọ́? Ẹni tí yóò dá aṣọ fún ni, ọrùn rẹ̀ ni a ń wò. Ẹni tí yóò kọ́ ọmọ ní iṣẹ́, ọwọ́ rẹ̀ ni ọmọ ń wò. Àwọn mìíràn yóò ní bí a kò bá fi koríko jẹ apẹ́lẹ́yìn níyà, ìwà àìbìkítà yóò pọ̀. Èmi kò ní kí a má bá ọmọ wí. Kí apẹ́lẹ́yìn fi àkókò eré rẹ̀ san ẹ̀kọ́ tí ó pàdánù. Ìyẹn ni gbèsè tí ó jẹ. Àwọn kan yóò sì ní ẹ̀rọ wọ́n. Òótọ́ ni, ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ kò lè rà á. Bí kò bá sí ẹ̀rọ, kí olùkọ́ mú àdá tirẹ̀. Ohun tí mo ń wí kò sí nínú irin.

Èyí ni ìmọ̀ràn mi fún àwa tí a ó jáde lọ gba ipò olùkọ́. Kí gígé koríko jẹ́ iṣẹ́ gbogbo ilé ẹ̀kọ́, ní ọ̀sán kan lọ́sẹ̀, kí ó má sì ṣe jẹ́ ìjìyà ẹnikẹ́ni mọ́. Kí a fi ìṣẹ́jú pín in, kì í ṣe ẹsẹ̀: ìṣẹ́jú mẹ́wàá fún àwọn kéékèèké, ogún fún àwọn àgbà, kí olúkúlùkù ṣe bí agbára rẹ̀ ti tó. Kí ọmọ kan máa mú agogo, kí òmíràn máa kọ iye ìrìn sílẹ̀. Ẹ̀rọ ní abẹ tí ó lè gé ìka, nítorí náà kí àwọn tí ó ti dàgbà nìkan máa tì í, kí àwọn kéékèèké máa ṣa òkúta kúrò lọ́nà. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ìrìn àkọ́kọ́, kí olùkọ́ fúnra rẹ̀ rìn ín, pẹ̀lú agogo ní ọrùn ọwọ́ rẹ̀, kí àwọn ọmọ lè rí i pé òógùn ń jáde lára ẹni tí ó mọ ìwé pẹ̀lú.