Òwò Lẹ́yìn Odi àti Ẹ̀kọ́ Ilé

Àwọn àgbà a máa wí pé ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa ro òwe yìí mọ́ àpà ọmọ nìkan. Lójú tèmi, ó kan àwọn òbí tí wọ́n ń ṣòwò lẹ́yìn odi pẹ̀lú. Irú òbí bẹ́ẹ̀ a jí ní kùtùkùtù, kì í ka òjò tàbí oòrùn sí, a kó owó jọ, a sì fi kọ́ ilé sí ìlú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá di ọjọ́ tí ọmọ rẹ̀ yóò wọ ilé náà, tí kò sì lè kí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ tí ó jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí ni a ó wí pé ó jogún?

Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí a gbé yẹ̀ wò nìyí: ǹjẹ́ ó yẹ kí ẹni tí ń ṣòwò ní ilẹ̀ onílẹ̀ fi èdè àti àṣà ilé rẹ̀ kọ́ ọmọ, tàbí kí ó jẹ́ kí ọmọ náà di ará ibẹ̀ pátápátá? Èrò mi ni pé ó yẹ kí ó kọ́ ọ. Kì í ṣe nítorí ìgbéraga ni mo ṣe wí bẹ́ẹ̀, bí kò ṣe nítorí pé ẹ̀kọ́ ilé wà lára ojú owó tí òwò náà fi dúró.

Ẹ jẹ́ kí a wo àwọn ènìyàn wa tí wọ́n lọ sí ilẹ̀ Gánà, tí à ń pè ní Gold Coast kí ó tó gba òmìnira ní ọdún 1957. Láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ìnísà, Ìgbòho, Ṣakí àti àwọn ìlú mìíràn ni wọ́n ti lọ. Àwọn tí ó kọ́kọ́ lọ fi ẹsẹ̀ rìn, wọ́n sì ru aṣọ títà lórí. Nígbà tí ọkọ̀ dé, wọ́n pọ̀ sí i. Nígbà tí a ka ènìyàn ní Gánà ní ọdún 1960, iye àwọn Yorùbá tí a bá níbẹ̀ lé ní 100,000. Láti Accra àti Kumasi títí dé Tamale ní ìhà àríwá, ìwọ yóò bá wọn nídìí àtẹ, tí wọ́n ń ta aṣọ, òwú, abẹ́rẹ́, abọ́, ọṣẹ àti fìtílà.

Kì í ṣe báńkì ni ó yá ọ̀pọ̀ nínú wọn ní owó tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan yóò kúrò ní ìlú rẹ̀, yóò lọ bá ẹ̀gbọ́n tàbí ìbátan rẹ̀. Yóò máa gbé ilé rẹ̀, yóò máa jẹun níbẹ̀, yóò sì máa bá a kiri ọjà láìgba owó oṣù. Bí ó bá di ọdún mélòó kan, tí ọ̀gá rẹ̀ rí i pé ọwọ́ rẹ̀ mọ́, yóò fún un ní owó tàbí ọjà díẹ̀ kí ó lè dá dúró. Láìpẹ́ òun náà yóò ránṣẹ́ sílé láti mú ẹlòmíràn wá. Ìyàwó a máa ní òwò tirẹ̀ lọ́tọ̀, àwọn ọmọ a sì máa bá ìyá wọn pàtẹ. Wọ́n ń dá èsúsú. Ọmọ ìlú kọ̀ọ̀kan ní ẹgbẹ́ tirẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń parí ìjà, tí wọ́n sì ti ń dáwó sin òkú.

Ta ni ó ṣe onígbọ̀wọ́ nínú gbogbo èyí? Orúkọ ilé ni. Bí ọmọ-iṣẹ́ bá kó owó ọ̀gá rẹ̀ jẹ, ìròyìn rẹ̀ yóò dé ìlú kí òun tìkára rẹ̀ tó dé, ojú yóò sì ti bàbá rẹ̀ láàárín ẹgbẹ́. Ẹni tí kò gbọ́ èdè ilé, tí kò sì mọ ẹbí, kò lè mọ irú ìtìjú yìí lára. Nítorí náà ó ṣòro kí a fi ọkàn tán an pẹ̀lú ọjà.

Àwọn kan yóò dáhùn pé bí àlejò bá ń bá ara rẹ̀ nìkan ṣe, onílé yóò fura sí i. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, n kò sì ní bò ó mọ́lẹ̀. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia pàṣẹ pé kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé àṣẹ láti gbé ní Gánà gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí wọ́n jáde. Púpọ̀ nínú àwọn ènìyàn wa kò ní ìwé náà. Wọ́n ta ọjà ní owó pọ́ọ́kú, wọ́n fi gbèsè sílẹ̀ lọ́rùn àwọn oníbàárà, wọ́n sì kó ọmọ wọn sínú ọkọ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi èyí bú Gánà. Ní oṣù kìíní ọdún 1983, ìjọba tiwa náà pàṣẹ bẹ́ẹ̀ fún àwọn àjèjì, ará Gánà ni ó sì pọ̀ jù nínú wọn. Ọ̀sẹ̀ méjì náà ni a fún wọn. Àpò tí wọ́n kó ẹrù wọn sí ni à ń pè ní Ghana-Must-Go títí di òní. Àwa tí a ti jẹ irú ìyà náà rí kò rántí nígbà tí ó kàn wá láti ṣàánú.

Ẹ̀kọ́ méjì ni mo rí nínú ọ̀ràn wọ̀nyí. Èkíní ni pé ẹni tí ń ṣòwò ní ilẹ̀ kan gbọ́dọ̀ gbọ́ èdè ibẹ̀, kí ó pa òfin ibẹ̀ mọ́, kí ó sì ní ọ̀rẹ́ níbẹ̀. Èkejì ni pé kò gbọdọ̀ já okùn ilé. Àwọn tí wọ́n ti kọ́ ilé sí ìlú wọn rí ibi forí pamọ́ sí ní ọdún 1969. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọmọ tí a bí sí Gánà kò tí ì fi ojú kan ìlú bàbá wọn rí. Èyí tí ó gbọ́ Yorùbá nínú wọn yóò tètè rí ẹgbẹ́ bá ṣeré. Èyí tí kò gbọ́ ọ yóò di àlejò nínú agbo ilé ara rẹ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ẹ̀kọ́ méjèèjì kò lè gbé pọ̀, kí ó wo àwọn ará Èjìgbò. Ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń ṣòwò ní Abidjan, ní orílẹ̀-èdè Côte d'Ivoire. Àwọn ọmọ wọn ń kọ́ èdè Faransé ní ilé-ìwé, wọ́n ń gbọ́ Dioula ní ọjà, wọ́n sì ń sọ Yorùbá nílé. Nígbà tí wọ́n bá wálé, a ó máa gbọ́ Faransé ní ìgboro Èjìgbò. Yorùbá tí wọ́n gbọ́ kò dí wọn lọ́wọ́ ọjà títà.

Síbẹ̀ mo ní ọ̀rọ̀ kan fún àwọn òbí. Ẹ má ṣe sọ òwò di ìdí tí ọmọ kò fi ní lọ sí ilé-ìwé. Ó dára kí ọmọ mọ bí a ti ń pàtẹ, bí a ti ń dá oníbàárà lóhùn, àti bí a ti ń ya ojú owó sọ́tọ̀ kúrò lára èrè. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó dúró ti àtẹ láti òwúrọ̀ títí di alẹ́ kò lè ka ìwé òfin tí ìjọba bá gbé jáde ní ọ̀la.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, mo ní ti yín pẹ̀lú. Mo ti rí ọmọ kan tí wọ́n mú ti ẹ̀yìn odi wá sí kíláàsì mi. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ohùn rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi dákẹ́ pátápátá. Ó tó oṣù mẹ́ta kí ó tó tún la ẹnu ní kíláàsì, ẹ̀bi náà sì kàn mí nítorí n kò tètè bá wọn wí. Bí ẹ bá rí irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ẹ pè é mọ́ra, kí ẹ kọ́ ọ ní èdè tí àwọn òbí rẹ̀ kò ráyè kọ́ ọ, kí ẹ sì ní kí ó kọ́ yín ní èdè tirẹ̀. Ẹ kò lè mọ̀ bóyá ẹ̀yin ni yóò lọ ṣòwò ní ìlú tí ó ti wá.